Ẹ Jẹ́ Kí Ó Sọ Tinú Rẹ̀

Àwọn tí ọ̀rọ̀ wa ti òní kàn jù ni àwọn tí Ọlọ́run fi iṣẹ́ ìtọ́jú lé lọ́wọ́: nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí ìjọ, pásítọ̀ àti ìyàwó rẹ̀, àwọn màmá inú ìjọ, àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ abẹniwò tí ẹ ń ti ilé aláìsàn dé ilé ọ̀fọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣí ojú ewé yìí kọjá, nítorí kò sí agbo ilé tí ìròyìn burúkú kì í yà sí lọ́jọ́ kan, ẹnìkan ni yóò sì la ẹnu sọ ọ́.

Wọ́n kọ́ wa bí a ti ń gbàdúrà fún aláìsàn. Wọ́n kọ́ nọ́ọ̀sì bí a ti ń gún abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n bí a ti ń jókòó ti ọmọbìnrin ọlọ́dún 26 kí a sì sọ fún un pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi kòkòrò HIV hàn, tàbí bí a ti ń sọ fún aboyún pé ọkàn ọmọ inú rẹ̀ kò lù mọ́, díẹ̀ nínú wa ni ẹnikẹ́ni kọ́. Ohun tí ó bá ṣáà ti wá sí wa lẹ́nu ni a ń sọ. Bẹ́ẹ̀ ẹyin lohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́.

OBÌNRIN TÍ Ó NÍ ÀLÀÁFÍÀ NI

Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí kẹrin, sọ ìtàn obìnrin ará Ṣúnémù. Ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí kú mọ́ ọn lórí ẹsẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Ó gbé òkú ọmọ náà sórí ibùsùn wòlíì, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní kí wọ́n di kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ní gàárì, ó sì kọrí sí òkè Kámẹ́lì. Èlíṣà rí i lókèèrè. Ó rán Géhásì ìránṣẹ́ rẹ̀ pé kí ó sáré lọ pàdé rẹ̀, kí ó béèrè àlàáfíà òun fúnra rẹ̀, ti ọkọ rẹ̀ àti ti ọmọ náà. Kí ni obìnrin yìí fi dáhùn? Ó ní àlàáfíà ni. Ọmọ ti kú o!

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a pè é ní onírọ́. Ojú ọ̀nà ni Géhásì ti béèrè, lórí ìdúró, ìbéèrè mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìbéèrè ojú ọ̀nà, èsì ojú ọ̀nà ni í gbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní ilẹ̀ Yorùbá níbí. “Ṣé dáadáa ni?” “A dúpẹ́.” Ẹni tí ó ń ti ilé òkú bọ̀ pàápàá yóò dáhùn pé a dúpẹ́, nítorí ìkíni ni, kì í ṣe ìbéèrè. Láàárín àwa ẹlẹ́mìí ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Arábìnrin tí inú rẹ̀ ń jó bí iná ń bẹ̀rù pé bí òun bá sọ bí ó ti rí, a ó ní ìgbàgbọ́ òun kéré, a ó ní òun ń fi ẹnu ara òun jẹ́wọ́ ibi. Nítorí náà yóò ní, “Ó ti dára ní orúkọ Jésù,” àwa náà yóò ní “Àmín,” a ó sì kọjá lọ.

Nígbà tí obìnrin náà dé ọ̀dọ̀ Èlíṣà, ó dì í ní ẹsẹ̀ mú. Géhásì fẹ́ tì í kúrò. Wòlíì ní kí ó fi í sílẹ̀, pé ọkàn rẹ̀ bàjẹ́, ó sì fi kún un pé Olúwa pa ọ̀ràn náà mọ́ fún òun. Ẹ kíyè sí èyí, ẹ̀yin ará. Èlíṣà tí ó mọ ohun tí ọba Síríà ń sọ nínú yàrá rẹ̀, ó ní òun kò mọ ohun tí ó ń ṣe obìnrin yìí. Ó dúró kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Lónìí, kí arábìnrin tó fìdí kan àga, ìran ti dé, a ti sọ ẹni tí ó ń dọdẹ rẹ̀ nílé ọkọ. Kò tíì sọ gbólóhùn kan.

Bí a bá fẹ́ kí ẹnìkan sọ tinú rẹ̀, a ní láti kúrò lójú ọ̀nà. Ẹ wá ibi tí ẹlòmíràn kò ti ní í gbọ́, kì í ṣe yàrá tí ẹgbẹ́ akọrin ń gbà kọjá lọ mú aṣọ. Ẹ pa fóònù. Bí ó bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ fa àga sún mọ́ ọn kí ojú yín lè dọ́gba pẹ̀lú tirẹ̀. Ẹni tí a dúró lé lórí kì í lè sọ̀rọ̀ gbọ́rọ̀. Bí pásítọ̀ ọkùnrin bá ń gba arábìnrin nímọ̀ràn, kí ìyàwó rẹ̀ tàbí màmá ìjọ kan wà níbi tí ojú ti lè tó wọn, tí etí kò sì ní í tó wọn. Lẹ́yìn náà ni kí a tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì: “Ìyá wa, mo gbọ́ pé a dúpẹ́. Inú yín gan-an ńkọ́?” Kí a sì dákẹ́.

Dídákẹ́ yìí ni ó nira jù fún àwa oníwàásù. Bí ìṣẹ́jú kan bá kọjá láìsí ọ̀rọ̀, a ó ti bẹ̀rẹ̀ orin. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù jókòó tì í nílẹ̀ fún ọjọ́ méje, tọ̀sán-tòru, láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Ọjọ́ méje yẹn ni iṣẹ́ rere tí wọ́n ṣe. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni wọ́n bà á jẹ́. Bí ó bá sì ń sunkún, kí ni a ń sáré sọ “ó tó, ó tó” sí? Jésù mọ̀ pé òun yóò jí Lásárù dìde láìpẹ́, síbẹ̀ ó sunkún lọ́dọ̀ àwọn tí ń sunkún.

Ẹ BÉÈRÈ KÍ Ẹ TÓ SỌ

Nínú Sámúẹ́lì Kìn-ín-ní, orí kẹrin, Élì jẹ́ ẹni ọdún 98, ojú rẹ̀ ti fọ́, ó jókòó lẹ́bàá ọ̀nà, àyà rẹ̀ ń já nítorí àpótí ẹ̀rí Ọlọ́run. Ìránṣẹ́ kan sáré dé láti ojú ogun. Lẹ́ẹ̀kan náà ni ó da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: Ísírẹ́lì ti sá, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kú, ọmọ rẹ méjèèjì ti kú, wọ́n sì ti gba àpótí ẹ̀rí. Bí ó ti dárúkọ àpótí ẹ̀rí báyìí ni bàbá arúgbó ṣubú sẹ́yìn láti orí àga, ọrùn rẹ̀ ṣẹ́, ó kú. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ tí ó lóyún gbọ́, ìrọbí mú un, òun náà kú. Kò sí irọ́ kan nínú ohun tí ìránṣẹ́ náà sọ.

Ní ọdún 2000, Walter Baile, Robert Buckman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kọ ìlànà onípele mẹ́fà jáde fún àwọn dókítà tí ń tọ́jú àrùn jẹjẹrẹ, lórí bí wọn yóò ṣe máa sọ ìròyìn burúkú fún aláìsàn. A kò ní í to mẹ́fẹ̀ẹ̀fà síbí. Ohun tí ó wú wa lórí nínú rẹ̀ ni pé sísọ ìròyìn náà fúnra rẹ̀, ipele kẹrin ni. Mẹ́ta ni ó ṣáájú: kí a tún ibi ìjókòó ṣe, kí a béèrè ohun tí aláìsàn ti mọ̀, kí a sì béèrè ìwọ̀n tí ó fẹ́ mọ̀.

“Bàbá, kí ni wọ́n ti bá yín sọ nípa wíwú ọrùn yìí?” Ìbéèrè kékeré ni, ṣùgbọ́n ẹ ó rí nǹkan. Òmíràn yóò ní ibà ni. Òmíràn yóò wo ojú yín, yóò ní, “Mo mọ̀ pé jẹjẹrẹ ni. Àwọn ọmọ mi ni wọn kò fẹ́ kí n mọ̀.” A ti rí irú èyí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: àwọn ọmọ lé dókítà dé ẹnu ọ̀nà pé ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ fún bàbá, bàbá náà lé e dé ibẹ̀ pé ẹ má sọ fún àwọn ọmọ. Gbogbo ilé mọ̀ ọ́n, olúkúlùkù ń dá sunkún tirẹ̀ nínú yàrá tirẹ̀.

Ìfẹ́ ni ó ń mú ẹbí ṣe bẹ́ẹ̀, a kò gbọdọ̀ bú wọn. Ṣùgbọ́n Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 2014 ní kí olùtọ́jú jẹ́ kí aláìsàn mọ bí ìlera rẹ̀ ti rí, àyàfi bí mímọ̀ náà bá lè pa á lára. Ó tún ní kí a pa àṣírí rẹ̀ mọ́. Ọ̀nà tí kò ní í dá ìjà sílẹ̀ wà. Ẹ bi bàbá fúnra rẹ̀ pé, “Bí èsì àyẹ̀wò bá dé, ta ni ẹ fẹ́ kí ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú yín?” Ọ̀pọ̀ àgbà yóò ní, “Ẹ pe dáwódù mi wá.” Àwọn díẹ̀ yóò ní, “Ẹ sọ fún un, èmi kò fẹ́ gbọ́.” Èyí náà jẹ́ ẹ̀tọ́ wọn.

SÍSỌ Ọ́ KÍ Ó YÉ E

Ẹ rántí Áhímáásì nínú Sámúẹ́lì Kejì, orí 18. Ó bẹ Jóábù títí kí ó tó jẹ́ kí ó sáré, ó sì sáré kọjá ará Kúṣì tí a kọ́kọ́ rán. Ṣùgbọ́n nígbà tí Dáfídì béèrè Ábúsálómù, ó ní òun rí ìrúkèrúdò ńlá, òun kò mọ ohun tí ó jẹ́. Eré ẹsẹ̀ rẹ̀ dára, ẹnu rẹ̀ kò gbé e. Ará Kúṣì ni ó sọ ọ́, òun pàápàá fi èdè àpọ́nlé yí i ká, ó sì yé ọba lójú ẹsẹ̀.

Èdè wa kún fún irú àpọ́nlé bẹ́ẹ̀. Bàbá àgbà kò kú, ó wọ káà ilẹ̀ lọ. Ó dára bẹ́ẹ̀ fún arúgbó. Ṣùgbọ́n nínú yàrá ìgbẹ̀bí, bí nọ́ọ̀sì bá sọ fún obìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ pé “ẹ fi ọkàn balẹ̀, Ọlọ́run mọ ohun gbogbo,” tí ó sì bá tirẹ̀ lọ, wákàtí méjì lẹ́yìn náà ni obìnrin náà yóò ṣì máa béèrè ìgbà tí wọn yóò gbé ọmọ òun wá. Ẹ kọ́kọ́ mú ọkàn rẹ̀ dúró: “Ìròyìn tí mo mú wá kò dára.” Ẹ mí díẹ̀. “Ọmọ náà kò sí láàyè. Inú wa bàjẹ́ gidigidi.” Ẹ dúró síbẹ̀.

Àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ tí kò lábùlà kan wà tí gbogbo Nàìjíríà gbọ́. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ ọdún 1997, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti, dókítà àwọn ọmọdé tí ó ti ṣe mínísítà ìlera, jókòó níwájú àwọn oníròyìn ní Èkó, ó sì sọ pé Fẹlá àbúrò òun, tí ó kú ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, àrùn éèdì ni ó pa á. Ohun tí a rò nípa orin Fẹlá àti ìgbé ayé rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ti òní. Ní ìgbà yẹn, “àìsàn ránpẹ́” ni ilé gbogbo ń pè é. Ẹnu ẹbí ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde, kì í ṣe ẹnu nọ́ọ̀sì tàbí pásítọ̀ kan, ìyàtọ̀ ńlá sì ni ìyẹn jẹ́.

Lónìí ọ̀rọ̀ HIV kò yẹ kí ó dún bí agogo ikú mọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ èsì fún ènìyàn gbọ́dọ̀ mọ èyí kí ó tó la ẹnu. Ẹni tí ó ń lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́ títí kòkòrò náà kò fi hàn nínú àyẹ̀wò mọ́ kì í kó o ran ọkọ tàbí aya rẹ̀ nípa ìbálòpọ̀. Aboyún tí kò gba ìtọ́jú lè kó o ran ọmọ, láti 15 dé 45 nínú 100. Pẹ̀lú ìtọ́jú tó péye, kò tó 5. Nàìjíríà sì ti ní òfin láti ọdún 2014 tí ó ka dídẹ́yẹ sí ẹni tí ó ní kòkòrò yìí léèwọ̀.

Níbí a ní ọ̀rọ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wa oníwàásù. Kò sí ẹni tí ó fún wa láṣẹ láti ní kí ẹnìkan da oògùn nù. A gbàgbọ́ nínú ìwòsàn, a sì ń wàásù rẹ̀. Àwọn adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá inú Lúùkù orí 17, Jésù ní kí wọ́n lọ fi ara wọn han àwọn àlùfáà, nítorí ní ayé ìgbà náà àlùfáà ni ó ń yẹ̀ ẹ́ wò tí í sì í sọ pé ó ti mọ́. Ẹni tí ó bá gbà pé Olúwa ti wo òun sàn, kí ó mú oògùn rẹ̀ dání lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí àyẹ̀wò jẹ́rìí. Ènìyàn ti kú nítorí gbólóhùn kan tí a sọ láti orí pẹpẹ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ AS àti AS tí ó ń tú àwọn àfẹ́sọ́nà ká náà ńkọ́? Ẹ ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó ṣeé ṣe kí ọmọ jẹ́ SS. A ní oyún kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan rò pé bí àkọ́bí bá ti jẹ́ SS, àwọn mẹ́ta tí ó kù ti bọ́ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì dúró di ìgbà tí wọ́n ti tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó. Ẹni tí a sọ fún ní ọmọ ogún ọdún, ẹ̀kọ́ ni ó gbà. Ẹni tí a sọ fún lẹ́yìn tí aṣọ ẹbí ti wọlé, ọ̀fọ̀ ni.

AGBÈ KÒ FỌ́?

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ìtùnú tí Yorùbá ní, kò sí èyí tí ó yá lẹ́nu tó “omi ló dànù, agbè kò fọ́.” Abiyamọ tí ọmọ rẹ̀ kú sínú, tàbí tí ó kú lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, yóò gbọ́ ọ lẹ́nu ogún ènìyàn kí ilẹ̀ tó ṣú. Inú rere ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fi ara yín sí ipò rẹ̀. Oṣù mẹ́sàn-án ni ó fi gbé e. Ó ti mọ ìgbà tí ó máa ń tàpá lálẹ́. Fún un, omi kọ́ ni ó dànù.

Èyí tí ó tún tẹ̀ lé e ni “Ọlọ́run yóò fi òmíràn rọ́pò,” lẹ́yìn náà ìwádìí: “Kí ni o jẹ? Ta ni o bá jà? Ṣé o ń wá sí ìpàdé aboyún?” Àwọn ará Témánì ṣì wà láàrin wa. Láyé àtijọ́ wọn ìbá ní àbíkú ni, wọn ìbá kọ ọmọ náà lábẹ. Bẹ́ẹ̀ àrùn ẹ̀jẹ̀ SS wà lára ohun tí ó ń pa irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀.

Àṣà wa ní kí òbí má mọ ibi tí a sin ọmọ rẹ̀ sí. Nítorí náà kíá ni a ó ti gbé òkú ìkókó lọ, ìyá kò ní í rí i, kò ní í gbé e. A kò sọ pé kí a fi ipá mú ẹnikẹ́ni wò ó. Ohun tí a ń sọ ni pé kí a béèrè: “Ṣé ẹ fẹ́ rí i? Kò pọn dandan. Bí ẹ bá fẹ́, a ó wẹ̀ ẹ́, a ó fi aṣọ wé e, n ó sì jókòó tì yín.” Kí a jẹ́ kí òun àti bàbá ọmọ dáhùn, kí ìyá ọkọ má bàa dáhùn fún wọn. Àwọn kan yóò kọ̀. Àwọn kan yóò gbà, ohun tí wọ́n rí yóò sì ṣe wọ́n lóore ju ohun tí ọkàn wọn ìbá máa yà lóru.

Ohun kan tí a máa ń gbàgbé: omi ọmú kò mọ̀ pé ọmọ ti kú. Láàrin ọjọ́ kejì sí ìkẹrin yóò dé, ọmú yóò kún, aṣọ yóò tutù. Bí kò bá sí ẹni tí ó sọ fún un tẹ́lẹ̀, yóò dà bí ẹni pé ara rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Agbẹ̀bí, ẹ sọ fún un kí ó tó lọ sílé. Kí ó wọ kọ́ọ̀mù tí ó gbà á mú dáadáa, kí ó máa fi aṣọ tútù lé e, bí ó bá ń ro ó jù kí ó fún ìwọ̀nba díẹ̀ tí yóò dẹ̀ ẹ́ lára. Bí ọmú bá pọ́n tí ibà sì dé, kí ó padà sí ilé ìwòsàn.

ÀṢÍRÍ ÀTI IBI TÍ Ó MỌ

Ẹni tí ó sọ tinú rẹ̀ fún wa ti fi ẹ̀mí rẹ̀ sí wa lọ́wọ́. Ọ̀nà tí àṣírí fi ń tú jù láàrin wa ni ẹ̀bẹ̀ àdúrà. “Ẹ jẹ́ kí a ran arákùnrin kan lọ́wọ́ nínú àdúrà, ilé rẹ̀ wà ní ojúlé kejì sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìyàwó rẹ̀ ń tà aṣọ...” Ta ni kò mọ̀ ọ́n mọ́? Nísisìyí tí gbogbo ẹgbẹ́ ti ní ojúkò lórí WhatsApp, kí ìṣọ́ òru tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà yóò ti dé ọ̀dọ̀ àna rẹ̀.

Ibi tí àṣírí parí sí wà pẹ̀lú, ó sì yẹ kí ènìyàn sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀. Bí ọmọdé bá sọ pé àgbàlagbà kan ń bá òun ṣe ìṣekúṣe, a kò gbọdọ̀ ṣèlérí pé a kò ní í sọ fún ẹnikẹ́ni, a kò sì gbọdọ̀ pe ìpàdé àgbà láti parí rẹ̀ nílé, ì báà jẹ́ díákónì ni ó ṣe é. Ẹ sọ fún ọmọ náà pé ẹ gbà á gbọ́ àti pé ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Ẹ má ṣe bi í léèrè bí ẹni ń ṣe ẹjọ́. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí oògùn tí ó ń dènà HIV kì í ṣiṣẹ́ mọ́ bí wákàtí 72 bá ti kọjá. Ní Èkó, Mirabel Centre tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2013 ní ilé ìwòsàn LASUTH, Ìkẹjà, ń ṣe irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀.

Bákan náà ni ti ẹni tí ó bá ń sọ pé ilé ayé ti sú òun. Ẹ̀rù máa ń bà wá láti béèrè, a rò pé a ó fi èrò náà sí i lọ́kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè ní tààrà: “Ṣé ó ń ṣe yín bíi pé kí ẹ gba ẹ̀mí ara yín?” Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má wàásù ọ̀run àpáàdì fún un. Ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ẹ kó oògùn apakòkòrò kúrò nítòsí rẹ̀, ẹ pe ẹni tí ó fọkàn tán nínú ẹbí, kí ẹ sì jọ mú un dé ọ̀dọ̀ dókítà. Èlíjà náà béèrè ikú lábẹ́ igi júnípà. Oúnjẹ àti oorun ni áńgẹ́lì kọ́kọ́ fún un.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìbẹ̀wò. Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, àga kì í tó ní ilé ọ̀fọ̀. Ní oṣù kẹta, kò sí ẹnìkan mọ́, ìgbà yẹn gan-an ni ilé ń dá. Kí ẹgbẹ́ abẹniwò kọ déètì sílẹ̀ nínú ìwé: ọjọ́ tí èsì àyẹ̀wò kejì yóò dé, ọjọ́ tí ọmọ náà ìbá pé ọdún kan. Kí ẹni méjì lọ, kì í ṣe mẹ́wàá. Ẹ gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín dání, ẹ bá a fọ aṣọ tí ó wà nílẹ̀. Bí wọ́n bá ti sọ ọmọ náà lórúkọ, ẹ pe orúkọ rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn tí ó ń pè é mọ́. Bí ó bá sì tún bẹ̀rẹ̀ ìtàn tí ó ti sọ fún yín ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, láti ibi tí omi ti dà lójú ọ̀nà ọjà, ẹ jẹ́ kí ó sọ ọ́ tán.